Àbúrò mi sá kúrò lọ́gbà wòlíì, ṣé ẹjọ́ wà níbẹ̀?

Àdùkẹ́ Bàrígà: Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi obìnrin ń wá ọmọ, ló bá kó lọ ọgbà ìjọ wòlíì kan láti ọdún tó kọjá, wọ́n gba fóònù ẹ̀, owó ọjà ẹ̀ ti bá àdúrà lọ tán, àná ló rọ́nà sá wálé, mo bọ́ aṣọ lára ẹ̀ mo rí ojú ẹgba yí ẹ̀yìn ẹ̀ ká. Wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn làwọn ń lé. Ó ní bàbá yẹn máa ń wẹ̀ fún òun lóru, á wá bá òun sùn, àná gan-an ó ṣe é, ó ní ara ìwẹ̀ náà ni. Wọ́n ti mú un búra pé tó bá tú àṣírí á kú. Ọkọ ẹ̀ ní ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn lọ, kò sẹ́jọ́.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Kó má tíì wẹ̀ o! Kó má fọ aṣọ yẹn, ẹ kó o sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá. Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ní LASUTH, ọsibítù ìjọba Èkó ní Ìkejà, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lónìí, wọn kì í gbowó. Oògùn tó ń dènà HIV, kó tó pé wákàtí 72 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Díákónì: Ẹ rọra, ẹ má fọlọ́pàá mú ẹni Ọlọ́run, ẹ jẹ́ káwọn àgbà ìjọ bá wọn parí ẹ̀.

Lọ́yà Sùúrùlérè: Parí kí ni sà? Ó lọ gbàdúrà, kò ní kí wọ́n bá òun sùn. Òfin Èkó ní tí obìnrin bá gbà torí ìhàlẹ̀, tàbí torí wọ́n purọ́ fún un nípa nǹkan tí wọ́n ń ṣe sí i, kò gbà nìyẹn. Ìfipábánilòpọ̀ ni, ó lè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹgba yẹn, ẹjọ́ ọ̀tọ̀. Ìjọba ló ń pe irú ẹjọ́ yìí, ọkọ ẹ̀ ò lè pa á tì. Ẹ má gbowó ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí kéèyàn gbowó bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀, ọ̀ràn nìyẹn náà. DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, ni kẹ́ ẹ pè, 08000 333 333, ọ̀fẹ́ ni.

Osas Yaba: Ìbúra yẹn ló máa dá a dúró jù. Ní 2018 Ọba Ewuare Kejì nílùú Benin tú ìbúra tí wọ́n fi de àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń kó lọ Yúróòpù. Ẹ wá pásítọ̀ gidi kan tó gbẹ́kẹ̀ lé, kó tú u lójú ẹ̀.

Àdùkẹ́ Bàrígà: Ẹ ṣé gan-an, a ti ń wọ mọ́tò lọ Ìkejà. Ó ní ọmọbìnrin méjì ṣì wà níbẹ̀ o.

Lọ́yà Sùúrùlérè: Ẹ sọ ọ́ fún DSVA bẹ́ ẹ bá ti pè. Ẹ má padà lọ ọgbà yẹn fúnra yín.