Báwo la ṣe ń wọn jeong lára àwọn ará Kòríà?

Akẹ́kọ̀ọ́, Daegu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé ìbéèrè tí mo fi ń ṣe ìwádìí lórí jeong, ìyẹn ìfà ọkàn tí àwọn ará Kòríà máa ń ní síra wọn bí wọ́n bá ti jọ wà pẹ́, kò jọ mí lójú mọ́. Mo bi ogójì èèyàn pé: "Ṣé ẹ ní jeong sí ọ̀rẹ́ yín?" Kí wọ́n yan láti 1 dé 5. 3 ṣáá ni wọ́n ń yàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ansan
Àbúrò, ta ló fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò ní jeong? Gbọ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń sọ ọ́: jeong-i deulda, jeong wọ̀ ọ́ lára. Deulda yìí kan náà ni wọ́n ń lò bí aró bá wọ inú aṣọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, èèyàn kì í mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn ni kó o bi wọ́n.

Ìyá kan ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà wa níbí. Bó bá wọn ọjà tán, tó so náílọ́ọ̀nù, á tún un tú, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Deom ni wọ́n ń pè é. Ènì ni, ènì gan-an! Á wá ní, ṣé mo ti jẹun? Fi irú èyí sínú ìwé rẹ: "Lóṣù yìí, ta ló gbé oúnjẹ wá fún yín láìjẹ́ pé ẹ tọrọ?"

Bàbá Tóbi, Seoul
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ, àmọ́ oúnjẹ nìkan ò tó. Goun jeong wà fún ẹni tó wù wá. Miun jeong wà fún ẹni tó ń bí wa nínú, tí a ò sì lè já sílẹ̀. Bó o bá bi wọ́n nípa ìfẹ́ nìkan, o ti fi èkejì sílẹ̀ nìyẹn. Kọ ọ́ báyìí: "A máa ń jà, àmọ́ bí mi ò bá rí i lọ́sẹ̀ kan, ọkàn mi kì í balẹ̀."

Wá iṣẹ́ Choi Sang-Chin kà, onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì tó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chung-Ang. Lo 1 dé 6, kó má sí àárín tí wọ́n á sá sí. Má sì dúró tì wọ́n. Fi ránṣẹ́ lórí KakaoTalk, torí ojú rẹ ni wọ́n á máa wò dáhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́, Daegu
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi ti miun jeong ránṣẹ́ sí ìyá onílé mi. Òun àti ará ilé kejì kì í yé jà nítorí ibi tí wọ́n ń kó pàǹtí sí, àmọ́ bó bá di oṣù kọkànlá, wọ́n á jọ jókòó máa ṣe kimchi, ẹ̀fọ́ oníyọ̀ àti ata tí wọ́n ń fi pamọ́, láti àárọ̀ dalẹ́. 6 ló yàn.