Kí ni àwọn nọ́ńbà tí lọ́yà kọ sínú ìwé yìí?

Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wa ti dé kóòtù. Lọ́yà kọ àwọn ìlà yìí ránṣẹ́ sí wa, mo sì fẹ́ fojú ara mi ka àwọn ìdájọ́ náà kí n tó padà lọ bá a:

Idundun v. Okumagba (1976) 9-10 SC 227
Ukeje v. Ukeje (2014) 11 NWLR (Pt. 1418) 384
Ukeje v. Ukeje (2014) LPELR-22724(SC)
SC.224/2004

Ẹjọ́ mélòó nìyí? Báwo ni ẹni tí kì í ṣe lọ́yà ṣe lè rí wọn kà?

Àlàó: Ẹjọ́ méjì péré ni, mà. Ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀, ẹjọ́ kan náà ni. SC.224/2004 ni nọ́ńbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fún un nígbà tó wọ ibẹ̀. Ìlà méjì tó kù ń sọ ìwé tí wọ́n tẹ ìdájọ́ náà sí. Ẹ má jẹ́ kí 2004 ṣì yín lọ́nà: ọdún tí ẹjọ́ gba nọ́ńbà nìyẹn, ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n dá a. Ẹni tó bá ń wá a láàárín ìdájọ́ ọdún 2004 kò ní rí i láéláé.

Ẹ jẹ́ ká tú ìlà kejì. Ẹni tó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú v. NWLR ni Nigerian Weekly Law Reports, tí Gani Fawehinmi dá sílẹ̀ lọ́dún 1985. 11 ni ìdìpọ̀ rẹ̀ lọ́dún 2014. Pt. 1418 ni ẹ dì mú o! Nọ́ńbà yẹn kì í padà sí oókan bí ọdún bá yí, láti 1985 ló ti ń gòkè bọ̀, nítorí náà òun ni kí ẹ fi wá ìwé lórí pẹpẹ. 384 ni ojú ìwé tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí “at 400, paras. C-D” lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ojú ìwé 400 ni kí ẹ ṣí, kí ẹ wá wo lẹ́tà C àti D tí wọ́n tẹ̀ sí etí ìwé.

Ní ti ìlà kìíní, SC ni ìwé tí wọ́n ń tẹ ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sí, 227 sì ni ojú ìwé. 9-10 kì í ṣe ìdìpọ̀. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ọdún 1976 ni.

Àbẹ̀kẹ́: Mà, ẹ kọ́kọ́ lọ sórí NigeriaLII, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìdájọ́ Nàìjíríà sí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ méjèèjì. Bí Ukeje bá pọ̀ jù, nọ́ńbà SC.224/2004 ni kí ẹ fi yọ tiyín. LPELR ni àkójọ ìdájọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ilé iṣẹ́ LawPavilion, owó ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. SC tó wà nínú àkámọ́ ìparí ń sọ kóòtù tó dá a, CA ì bá jẹ́ kóòtù kòtẹ́milọ́rùn. Bí kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ sí yàrá ìkàwé ẹ̀ka òfin ní yunifásítì tàbí ti kóòtù gíga, kí ẹ béèrè Pt. 1418.

Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ má dúró síbi àkópọ̀ tó wà níwájú. Olóòtú ìwé ló kọ ìyẹn. Adájọ́ Rhodes-Vivour ló kọ olórí ìdájọ́ Ukeje, ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé àṣà Igbo tó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀ tako abala 42 òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999. Nínú Idundun, ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn fi lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀ ni kí ẹ wá: ìtàn ìran, ìwé ilẹ̀, ìwà onílẹ̀ bíi títà àti yíyá, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ọ̀kan tó bá fìdí múlẹ̀ ti tó.

Àkànní: Ẹ fi èyí kún un: ẹ wò ó bóyá ẹjọ́ náà tún gòkè sí i. Bí àpẹẹrẹ, Mojekwu v. Mojekwu (1997) 7 NWLR (Pt. 512) 283, ẹjọ́ ogún mìíràn, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ló dá a. Nígbà tó dé òkè, orúkọ yí padà di Mojekwu v. Iwuchukwu (2004) 11 NWLR (Pt. 883) 196. Ẹni tó jàre kò yí padà, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ líle tí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sọ sí àṣà ogún Igbo tó wà nínú ẹjọ́ náà. Ẹni tó bá mú ti 1997 nìkan lọ síwájú adájọ́ lè gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bá wí kalẹ̀.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọlọ́pọlọ. Àbúrò mi náà fi ọ̀kan ránṣẹ́, ó ní orí fóònù lòun ti béèrè: (1991) 3 NWLR (Pt. 1502) 77.

Àkànní: Irọ́ ni, mà. Ẹ wò ó fúnra yín: 1997 ni Pt. 512. Báwo ni 1991 ṣe máa bá Pt. 1502? Àwọn ẹ̀rọ tó ń fèsì ìbéèrè máa ń hun nọ́ńbà jọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2023, kóòtù kan ní New York bu owó ìtanràn $5,000 lé àwọn lọ́yà tó kó irú ẹjọ́ tí kò sí bẹ́ẹ̀ wá síwájú rẹ̀, Mata v. Avianca lorúkọ ẹjọ́ náà. Ẹ ní kí àbúrò yín fún yín ní orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́. Bí kò bá rí i mú wá, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé kankan.