Ṣé máìtì ọdẹ lè bá mi pa máìtì ara ejò mi?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Erè kan ni mò ń sìn, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, inú abọ́ omi rẹ̀ ló ń sùn, kò fẹ́ jáde. Ìgbà tí mo da omi náà nù, mo rí nǹkan dúdú wínníwínní nísàlẹ̀ abọ́, bí ata tí a lọ̀. Máìtì ni wọ́n, kòkòrò kékeré tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Mo yẹ àyíká ojú rẹ̀ àti abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wò, wọ́n há sáàárín ìpẹ́ níbẹ̀ náà. Mo fín oògùn, wọ́n lọ. Kò pẹ́, wọ́n tún dé. Ẹ̀rù ń bà mí láti tún un fín, torí ejò yìí kò jẹun mọ́. Ẹnìkan wá ní máìtì mìíràn wà tó máa ń pa èyí jẹ. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé àwọn yẹn náà ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Baba Alángbá: Kí n ra kòkòrò wá lé kòkòrò? Èmi kọ́. Tún oògùn fín, kó o fín in dáadáa.

Ìyá Erè: Baba, fífín nìkan kọ́. Àbúrò, Ophionyssus natricis ni èyí tó ń mu ejò rẹ lẹ́jẹ̀. Abo kan lè yé ẹyin 60 sí 80, kì í sì í yé e sára ejò. Kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn tó sì ní ọ̀rinrin ló ń wá. O pa àwọn tó wà lára ejò, ẹyin wà nínú kọ̀rọ̀, ẹyin náà á pa ọmọ, ó tún di tuntun.

Òótọ́ ni ti máìtì ọdẹ. Stratiolaelaps scimitus ni èmi lò. Hypoaspis miles ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́, ó ṣì wà lára ike mìíràn tí wọ́n fi ń tà á. Àwọn tó ń gbin òdòdó máa ń lò ó fún ìdin inú ilẹ̀. Kì í mu ẹ̀jẹ̀, ejò kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin. Bó bá jẹ́ bébà gbígbẹ lo tẹ́ sínú àpótí, kíákíá ló máa kú. Cheyletus eruditus, máìtì ọdẹ mìíràn, ló lè fara da ibi gbígbẹ díẹ̀.

Gbọ́ àṣìṣe tèmi: mo fín oògùn, mo sì da ọdẹ sínú àpótí náà lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Oògùn ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Gbogbo wọn kú, mo tún ra òmíràn.

Ọmọ Ìjàpá: Ẹ jọ̀wọ́ mà, eégbọn lára ìjàpá mi ńkọ́? Ṣé wọ́n á jẹ ẹ́?

Ìyá Erè: Rárá o, eégbọn ju agbára wọn lọ. Ẹ̀mú kékeré ni kó o fi fà á, sún mọ́ awọ gan-an, má fọ́ ọ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ìjàpá ní ivermectin, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara ẹranko, ó ń pa ìjàpá.

Adéejò: Ẹ jẹ́ n fi kan kún un. Ejò tí kò jẹun, ẹ la ẹnu rẹ̀ wò pẹ̀lẹ́. Bí inú ẹnu bá funfun bálabàla, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ọdẹ á tẹ̀ lé e. Máìtì yìí lè gbé bakitéríà Aeromonas láti ara ejò kan dé òmíràn.

Oníbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Màá kó gbogbo ilẹ̀ inú àpótí dànù, màá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí n tó ra ọdẹ. Ọ̀la ni mò ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo gbàgbé láti sọ pé mo ra ejò kejì lóṣù tó kọjá.

Baba Alángbá: Ehn! Ìdí ọ̀rọ̀ rèé.

Ìyá Erè: Ọ̀sẹ̀ mélòó lo fi yà á sọ́tọ̀ kó o tó gbé e sún mọ́ èyí àkọ́kọ́?

Oníbéèrè: Ọjọ́ kan, mà.