Ẹ bá wa dá sí i: báwo la ṣe máa kọ́ ìlú sórí bọ́ọ̀dù tréènì kékeré wa n'Íjẹ̀bú-Òde?

ỌmọÒde:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa tá a jọ ń ṣe tréènì kékeré l'Óde ti to réèlì wa tán o, iná ti wọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí po dáadáa, àmọ́ pìláíwúùdù lásán ló ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, kò sílé kò sígi. HO la lò (ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi 87 pín tréènì gidi), fífẹ̀ réèlì ẹ̀ jẹ́ 16.5mm, a gé bọ́ọ̀dù ẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí méjì ká lè máa gbé e gba ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan láàárín wa ní ká lọ ra ilé oníke àti koríko láti òkè òkun, èmi ò gbà, torí ilé òyìnbó ò jọ ibì kankan ládùúgbò wa, owó ẹ̀ sì ń dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n kí la máa fi ṣe ilẹ̀, ilé àti òrùlé páànù? Ẹnì kan tún ní a ò gbọdọ̀ pè é ní Ìjẹ̀bú rárá, torí réèlì ò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá rí. Kí lẹ rí sí i?

KáfíńtàṢàgámù:
Yẹ̀pẹ̀ pupa ilé wa ni kẹ́ ẹ lò jàre, kò sí èyí tẹ́ ẹ máa rà tó máa ní àwọ̀ yẹn. Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ gún un, ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá dà á sínú agbada kẹ́ ẹ yan án bí ẹni ń yan gàrí, kí kòkòrò àti ẹyin tó wà nínú ẹ̀ kú tán. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi ọ̀rá wé mágínẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ fà á káàkiri inú ẹ̀, ẹ máa rí irin dúdú wẹ́wẹ́ tó máa so mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo èyí o, irin wẹ́wẹ́ yẹn ló máa wọnú mọ́tò ẹ́ńjìnnì tó máa bà á jẹ́.

Òkúta abẹ́ réèlì ńkọ́, ẹ bu stone dust níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tò ó ní gbígbẹ. Ẹ kọ́kọ́ fín omi tẹ́ ẹ kán ọṣẹ abọ́ sí, kẹ́ ẹ tó fi sírínjì kán gúlúù funfun káfíńtà tẹ́ ẹ fi omi là ní ìlàjì-ìlàjì. Tí ò bá sí ọṣẹ, ṣe ni gúlúù máa dúró lórí ẹ̀ tí ò ní wọlé. Kó má dé ibi tí réèlì ti ń yà o, ó máa gan pa. Ṣíṣe òkè ò le rárá, fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n àti POP àwọn tó ń ṣe síìlì ti tó.

ỌmọRẹ́mọ:
Òótọ́ lẹni tó ní réèlì ò gba Ìjẹ̀bú sọ. Réèlì àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1896 tó wọ Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta ló gbà, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021 náà ọ̀hún ló gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ní ká má ṣe "ká ní ó gba ọ̀dọ̀ wa"? Ẹ ya ẹ̀ka kan láti Papalantó, tó wà lójú irin Abẹ́òkúta yẹn, wá sí Ṣàgámù, kó máa kó sìmẹ́ǹtì, kó wá parí s'Óde, wágọ́ọ̀nù á ti ríṣẹ́ ṣe nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni pé ojú irin àtijọ́, 1067mm ni fífẹ̀ ẹ̀, tuntun jẹ́ 1435mm. Ẹ fi 87 sọ 16.5 yín di púpọ̀, ẹ máa rí i pé tuntun lẹ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ayé àtijọ́ ní HO, réèlì 12mm ló máa wá, torí náà ẹ jẹ́ kí ìlú yín jẹ́ ti òde òní.

ÀǹtíPẹ́tẹ́ẹ̀sì:
Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ ẹ̀gbọ́n ỌmọÒde. Ilé ni tèmi. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá wọ̀n, ẹ fi 87 pín in, ilẹ̀kùn mítà 2.1 á di 24mm. Ẹ mú tépù, ẹ lọ wọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan l'Óde gan-an, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ onílé, ẹ ya fọ́tò fèrèsé onípákó ẹ̀ àti àwọn òpó kékeré tó wà ní bákónì. Páálí ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ, kẹ́ ẹ fi fánníìṣì kun inú àti òde, tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan lẹ kùn ó máa tẹ̀ tí òjò bá bẹ̀rẹ̀.

Páànù wá dùn ún ṣe gan. Ẹ mú abọ́ fọ́ìlì oúnjẹ pátí (lẹ́yìn Ojúde Ọba kò níye), ẹ gé ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí sílípáàsì rọ́bà, kẹ́ ẹ wá yí bóòtù M5 (tó nípọn 5mm) gígùn lórí ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Eyín bóòtù yẹn fi 0.8mm jìnnà síra, ó sún mọ́ bí páànù ṣe rí gan-an ní HO. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì díẹ̀, ẹ kùn ún ní búráùn, kẹ́ ẹ ku yẹ̀pẹ̀ pupa yẹn sí i kí ọ̀dà tó gbẹ. Ẹ fi méjì mẹ́ta sílẹ̀ láìkùn o, torí kò sí òrùlé àtijọ́ tí wọn ò tíì fi páànù tuntun pààrọ̀ díẹ̀ lára ẹ̀.

KáfíńtàṢàgámù:
Kẹ́ ẹ tó lẹ ilé kankan, ẹ fa kóòṣì (ọkọ̀ èrò) yín tó gùn jù gba gbogbo kọ́ọ̀nà o. Àárín ẹ̀ máa ń yọ sínú, orí ẹ̀ máa ń yọ síta, ó sì lè gbá bákónì.

ỌmọÒde:
Ẹ ṣé gan ẹ̀yin àgbà. Màá fi han àwọn yòókù, ẹ̀ka Papalantó yẹn la máa ṣe. Àǹtí, ṣé ká wá gíláàsì fún fèrèsé ni, àbí ọ̀rá páálí ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ti tó?

ÀǹtíPẹ́tẹ́ẹ̀sì:
Ọ̀rá yẹn ti tó. Èyí tó le díẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú.