Jíà àfọwọ́yàn ni, kì í ṣe jíà àfọwọ́ṣe

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Orúkọ là ń wá fún ibi tí wọ́n kọ M sí lẹ́bàá ọ̀pá jíà píkọ́ọ̀pù otó (èyí tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀), níbi tí àmì + àti − wà. Ẹnì kan dábàá "jíà àfọwọ́ṣe". Ẹlòmíràn ní kí a kúkú pè é ní mánúà. Ẹnì kẹta ní kí a yá Tiptronic lò, ṣùgbọ́n orúkọ òwò Porsche nìyẹn, láti nǹkan bí ọdún 1990. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún wọn.

Mánúà kò lè ṣe é. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ tó béèrè pé "ṣé mánúà ni àbí otó?", klọ́ọ̀ṣì ló ń béèrè. Píkọ́ọ̀pù otó kò ní klọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, bó wà ní D tí ọkọ̀ ń yan jíà fúnra rẹ̀, bó wà ní M tí awakọ̀ ń yàn án. Aráàlú ti ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀, kí àwa má tún lọ dà wọ́n pọ̀.

Àfọwọ́ṣe gan-an ló ká mi lára jù, torí ó ń ṣi awakọ̀ lọ́nà. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é tán pátápátá. Ẹ wá wo píkọ́ọ̀pù tó ru ẹrù wúwo, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn. Awakọ̀ ti ọ̀pá jíà kúrò ní D, M6, ìyẹn jíà kẹfà, hàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó tì í síbi − lẹ́ẹ̀mejì, ó di M4. Ẹ́ńjìnnì bú, ọwọ́ aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì fò láti nǹkan bí 1,800 dé 3,000, eré ọkọ̀ sì ń dínkù láìsí pé ẹsẹ̀ kan bíréèkì. Jíà ló mú ọkọ̀ yẹn, bíréèkì ò sì ní gbóná débi tí kò ní mú mọ́.

Àmọ́ kí awakọ̀ yìí kan náà fẹ́ já jíà sí 1 lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan! Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò ní gbà fún un, kí ẹ́ńjìnnì má bàa bàjẹ́. Bó bá sì gbàgbé ọ̀pá náà ní M4 títí ọkọ̀ fi dúró, ọkọ̀ á já jíà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ló yàn, ẹ̀rọ ló ṣe. Ìdí tí mo fi ní "jíà àfọwọ́yàn" nìyẹn.

Ọ̀kan ṣì kù tí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà. Nínú àwọn píkọ́ọ̀pù kan, ti Toyota pàápàá, S ni wọ́n kọ síbẹ̀. S4 kò ní kí ọkọ̀ dúró sórí jíà 4 o. Ohun tó ń sọ ni pé kó má kọjá 4. Ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn ni, ibi tí okùn bá dé ló ti ń jẹko. Bí ọkọ̀ bá kan òkè, á bọ́ sí 3, á bọ́ sí 2, láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sọ pé ìyàtọ̀ yẹn kéré. Nínú ẹrẹ̀, awakọ̀ lè fẹ́ fi jíà 2 gbéra kí táyà má bàa máa yí lásán. Jíà àfọwọ́yàn lè gbà á láyè nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Pẹ̀lú S2, jíà 1 lọkọ̀ á fi gbéra, torí 1 kò kọjá 2, táyà á sì walẹ̀. Bí ìwé ìléwọ́ ọkọ̀ bá pe méjèèjì ní àfọwọ́ṣe, ẹni tó kà á á rò pé ọkọ̀ òun ló bàjẹ́. Mo fẹ́ kí a pe ti S ní "jíà aláàlà".

Fún + àti −, ẹ má wulẹ̀ ṣẹ̀dá nǹkan kan: "gbé jíà sókè" àti "já jíà sílẹ̀" ti wà lẹ́nu àwọn awakọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju "aláàlà" lọ, kó gbé e wá, n óò gbà á tayọ̀tayọ̀. Ti àfọwọ́yàn ni mi ò ní yẹ̀ lórí rẹ̀.