Ọmọ tí mo pè ní olódo: ìrírí láti Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú èsì kan láti Iléṣà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo kí yín. Ẹ ní kí olúkúlùkù sọ ibi tí ìmọ̀ nípa bí ọkàn ọmọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ti ran ilé-ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Inú àṣìṣe ara mi ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí mo ti ń kọ́ kíláàsì kẹrin, ọmọbìnrin kan wà tí kì í dáhùn ìbéèrè ìṣirò kankan. Bí mo bá ti pè é sídìí pátákó, yóò dúró, yóò máa fi èékánná ha etí aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, omi yóò sì lé sí i lójú. Lọ́jọ́ kan, sùúrù mi tán, mo pè é ní olódo lójú gbogbo kíláàsì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ yòókù ti ń pè é bẹ́ẹ̀, kódà nígbà eré.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà kí n tó bá a pàdé nírọ̀lẹ́ ní ọjà Odò-Ògbè, níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ àgbà ta gààrí. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Oníbàárà kan dé, ó ní kí wọ́n wọn kóńgò mẹ́ta àti ààbọ̀ fún òun, ẹgbẹ̀rin náírà (₦800) sì ni kóńgò kan. Kí màmá náà tó la ẹnu, ọmọ ti ní ẹgbẹ̀rìnlá ni, ó sì ti ka igba náírà ṣẹ́ńjì jáde nínú ẹgbẹ̀ẹ́dógún tí oníbàárà náà nà sí i. Mo bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Àǹtí, kóńgò mẹ́rin jẹ́ ẹgbẹ̀rìndínlógún, mo wá yọ irinwó ti ààbọ̀ kúrò níbẹ̀." Irú ìṣirò tí mo kọ sí pátákó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an nìyẹn, èyí tí kò lè fọwọ́ kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀nà tó gbé e gbà: ó gun orí iye tó pọ̀, ó sì dín in kù, gẹ́gẹ́ bí òǹkà Yorùbá fúnra rẹ̀ ṣe ń ti orí ogún dín mẹ́rin kù kí ó tó di ẹẹ́rìndínlógún. N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Lev Vygotsky, onímọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó kú ní 1934, kọ́ni pé kí olùkọ́ máa wo ohun tí ọwọ́ ọmọ yóò tó bí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ bá tì í lẹ́yìn díẹ̀, kí ó má fi mọ sórí ohun tó lè dá ṣe. Mo ti kà á ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì yege nínú ìdánwò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí igbá gààrí ni ó ti yé mi. Èdè tí ọmọ náà ń sọ nílé ni àtìlẹ́yìn tó ń fẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwa ará Ifẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹ̀kọ́ yìí kiri. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí wọ́n yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin yọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kíláàsì kẹrin ni tèmi náà, ibi tí èdè ti ń yí mọ́ ọmọ lẹ́nu.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú àwọn tó gbọ́ èébú mi. Olùkọ́ kan ní mo ti sọ ara mi di yẹpẹrẹ. N kò gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. A bẹ ìyá àgbà náà kí ó gbé kóńgò àti gààrí wá sí kíláàsì, ọmọ rẹ̀ sì ṣàlàyé ìṣirò ní Yorùbá kí a tó jọ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ilé-ìwé wa wá ní kí gbogbo olùkọ́ yéé ka ipò àwọn tó gbẹ̀yìn síta. Ọmọ náà kò gba ipò kìíní, n kò sì retí rẹ̀. Ó ń nawọ́ sókè báyìí.

*Èsì láti Iléṣà*

Àǹtí, ẹ ṣeun tí ẹ kò fi í pamọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni tèmi. Ní ilé-ìwé girama tí mo ti jẹ́ olùdámọ̀ràn, pàṣán ni a fi ń pàdé àwọn tó bá pẹ́ dé. Nígbà tí mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo rí i pé àwọn kan náà ni: ọmọ tó ń pọn omi, ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì láti ìdájí. Ibi tí ọpọlọ ti ń gbé ohun tó ń rò lọ́wọ́ dúró kò fẹ̀ rárá, bí ẹ̀rù bá sì ti gba ibẹ̀, ẹ̀kọ́ kò rí àyè jókòó. Èyí ni mo ṣàlàyé ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló dábàá pé kí ọmọ tó pẹ́ kọ orúkọ àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé, kí ó wọ kíláàsì kíákíá, kí ọ̀rọ̀ di ìgbà ìsinmi. Pàṣán kúrò nílẹ̀. Àwọn ìyá méjì gbà láti máa dá àwọn ọmọ wọn sílẹ̀ ṣáájú aago méje.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ bàbá. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, orúkọ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ti ọmọ oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, a sì ṣì ń bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́.