Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè gbé bàálù onírímóòtù ńlá dé pápá láìfarapa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀. Houston ni mo wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kan Piper Cub (irú bàálù kan) tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ti gidi. Apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2.7. Kò tíì fò rí.

Apá yẹn ṣeé tú sí méjì, ṣùgbọ́n ara bàálù ò wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi àfi tí mo bá tẹ́ àga. Ṣé kí n fi fóòmù wé e ni, àbí kí n kan àpótí fún un? Oòrùn ibí ò ṣeé bá ṣeré: ọ̀rá tí mo fi bo apá ti ń hunjọ.

Èmi àti àbúrò mi fi ìka gbé e lábẹ́ apá láti wò ó bóyá iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba, imú ń tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn sàn ju kí ìrù wúwo lọ. Ṣé kí epo wà nínú táǹkì tá a bá ń wò ó, àbí kó ṣófo?

Mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, ẹ má bá mi jà lórí ìyẹn.

Tá a bá wá ń rìn jìnnà sí i láti dán rímóòtù wò, ṣé kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ ni?